Sàlàkọ́, Ẹni Tó Ní Kí Kọmíṣánnà Má Mí

Gbogbo Ṣakí ló mọ̀ pé Sàlàkọ́ ló dá kọmíṣánnà dùbúlẹ̀ lórí àpáta lọ́dún 1984, kò sì fọwọ́ kàn án. Kọmíṣánnà wá wo ilé kékeré tí àwọn onímọ̀ láti Ìbàdàn kọ́ sórí òkè lẹ́yìn ìlú, níbi tí Sàlàkọ́ ti ń fi ìgò gba afẹ́fẹ́ fún wọn. Dúróríkẹ́, ọmọ Ìjió tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwádìí náà, ló mú àlejò gòkè. Kọmíṣánnà sanra, ó mú ìwé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ lọ́wọ́, ọlọ́pàá mẹ́ta sì tẹ̀ lé e.

Sàlàkọ́ gbé ìgò sókè. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ má mí."

"Ta lò ń bá wí?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Afẹ́fẹ́ òkè la fẹ́ nínú ìgò yìí, a ò fẹ́ tinú yín. Mo fẹ́ ka ení, èjì, títí dé ogójì. Bẹ́nikẹ́ni bá mí, màá gbé ìgò mìíràn, màá sì tún un kà."

Ọlọ́pàá kan mí nígbà tó ku méjì kó pé ogún. Sàlàkọ́ wò ó, ó gbé ìgò mìíràn, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Nígbà tó dé àárùndínlógójì, ojú kọmíṣánnà yí, ó wó lulẹ̀ gbì. Sàlàkọ́ kà á dé ogójì. Ó ti ẹnu ìgò, ó kọ aago sílẹ̀, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Ẹ lè mí báyìí."

Dúróríkẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n rò pé òun náà ò fẹ́ mí ni.

Sàlàkọ́ kì í ṣe aláfojúdi rárá. Ogún ọdún ló fi wọn ewé tábà n'Ísẹ́yìn kó tó wá sídìí afẹ́fẹ́. Àwọn àgbẹ̀ ò fẹ́ràn rẹ̀, àwọn tó ń ra tábà ò fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn ni gbogbo ayé fi mọ̀ pé òṣùwọ̀n rẹ̀ péye.

Gáàsì kan báyìí ni wọ́n ń wá nínú ìgò, mítéènì lorúkọ rẹ̀. Ó ń jáde lẹ́nu màlúù, ó ń jáde lábàtà, ó sì ń jáde níbi tígbó bá ti ń jó. Tinú iná máa ń wúwo díẹ̀ ju ti màlúù lọ, ẹ̀rọ tí Dúróríkẹ́ ń tọ́jú n'Íbàdàn ló sì mọ ìyàtọ̀. Nígbà tí Sàlàkọ́ gbọ́ èyí, ìyà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ aládùúgbò. Bí atẹ́gùn bá ti yí pa dà sí orí òkè, á sáré sọ̀ kalẹ̀ wá paná ọbẹ̀ nílé ara rẹ̀.

"Àmọ̀kẹ́! Ibo latẹ́gùn ń fẹ́ sí?"

"Ikùn mi tó ṣófo ló ń fẹ́ sí, Bàbá Bàṣírù," ni ìyàwó rẹ̀ máa ń dá a lóhùn.

Ó tún bẹ darandaran kan pé kí àwọn màlúù rẹ̀ jọ̀ọ́ má gùfẹ̀ títí di aago mọ́kànlá. Darandaran ní, "Bàbá, ẹ bá wọn sọ ọ́ fúnra yín." Dúróríkẹ́ débẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó bá Sàlàkọ́ níwájú akọ màlúù ńlá kan, tó ṣí fìlà, tó ń ṣàlàyé. Dúróríkẹ́ sọ ọ́ n'Íbàdàn, gbogbo ilé ìwádìí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ìgò kọ̀ọ̀kan ló ń wá pẹ̀lú ìwé tirẹ̀. Nígbà ọyẹ́ kan, ìwé kan dé báyìí pé: "Ìgò kọkànlélógójì. Mo sín sí i. Ẹnikẹ́ni ò rí mi. Ẹ má lò ó." Dúróríkẹ́ gbé ìgò náà sórí pẹpẹ, kò lò ó, kò sì fọ̀ ọ́.

Oṣù kìíní ọdún 1986 ni nǹkan bà jẹ́. Igbó ń jó láti Ṣakí títí dé Àgọ́-Àrẹ, èérú ń bà lórí aṣọ tí wọ́n sá, àmọ́ ẹ̀rọ ní màlúù nìkan lòun rí nínú ìgò Sàlàkọ́. Ọ̀gá Fáwùnmí, olórí ilé ìwádìí, ní ẹnu màlúù gan-an ni bàbá náà ti ń gba afẹ́fẹ́.

"Gígun òkè ti ń rẹ̀ ẹ́. Dúróríkẹ́, ṣebí ìwọ náà lo sọ pé o bá a níwájú màlúù?"

Ẹ̀rín tí Dúróríkẹ́ fi bàbá náà rín ló wá di ẹ̀rí lòdì sí i yìí. Yéè, ó dùn ún wọra.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Sàlàkọ́. Ó wọ agbádá, ó wọkọ̀ wá s'Íbàdàn, ó gbọ́ ẹ̀sùn náà tán, ó ní, "Ẹ ti yẹ kóńgò yín wò?"

"Kóńgò wo?"

"Ní Ṣakí, bí kóńgò ẹlẹ́lùbọ́ méjì ò bá dọ́gba, a kì í bú ẹnikẹ́ni. À ń lọ gbé kóńgò àtijọ́ nílé olórí wọn ni, a ó wọn tọ̀tún tòsì sínú rẹ̀. Tiyín dà?"

Tiwọn ni sìlíńdà irin kan tí wọ́n mọ ìwọ̀n gáàsì inú rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń tún ojú ẹ̀rọ ṣe láràárọ̀. Fáwùnmí bínú. "Ìlú òyìnbó ló ti wá!"

"Kóńgò òyìnbó náà lè jò, sà." Sàlàkọ́ ṣí fìlà. "Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ lé mi. Àmọ́ ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé pé mo fi òṣùwọ̀n rẹ́ yín jẹ. Orúkọ mi nìkan ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ fọ́mọ."

Fáwùnmí ní tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, òun á buwọ́ lu ìwé ìlélọ.

Dúróríkẹ́ pa dà sídìí ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ bá ti ìgò kọkànlélógójì pàdé. Ẹni tó dá sín lórí òkè, tó fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn, ṣé irú wọn ló ń parọ́? Sìlíńdà kejì tí wọn ò tíì ṣí rí wà nínú yàrá ẹrù. Bó bá ṣí i láìgbàṣẹ tí ọ̀rọ̀ sì dà bí Fáwùnmí ṣe wí, iṣẹ́ tirẹ̀ náà lọ nìyẹn. Ó ṣí i. Ọjọ́ méjì ló fi wọn ìkíní mọ́ ìkejì. Ẹnu sìlíńdà àtijọ́ ń jò: èyí tó fúyẹ́ nínú gáàsì rẹ̀ ti yọ́ jáde, ó ku èyí tó wúwo, òun lẹ̀rọ sì fi ń wọn ìyókù, ló fi dà bíi pé gbogbo ìgò Sàlàkọ́ fúyẹ́ bíi ti màlúù. Nígbà tó fi tuntun tún ojú ẹ̀rọ ṣe, iná Òkè-Ògùn yọ kedere nínú gbogbo wọn.

Fáwùnmí fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé ẹ̀bẹ̀. Èsì Sàlàkọ́ ò gùn: "Mo rí ìwé gbà. Ẹ máa yẹ kóńgò wò lóṣooṣù."

Ó kú ní 1989, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Dúróríkẹ́, tó ti di dókítà báyìí, wá síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ pẹ̀lú àpò kan. Nígbà tí èrò túká, Àmọ̀kẹ́ jókòó tì í.

"Dókítà, ọjọ́ tó dákẹ́, mo rò pé ó ń ka ogójì rẹ̀ ni. Mo dúró kó kà á tán."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún. Dúróríkẹ́ wá yọ ìgò kọkànlélógójì nínú àpò, ó gbé e lé e lọ́wọ́. "Màmá, Bàbá sín sínú eléyìí. Èémí wọn ló wà níbẹ̀. Mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣí i."

Àmọ̀kẹ́ gba ìgò náà, ó gbé e mọ́ àyà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Dúróríkẹ́ tó rí i pé obìnrin náà ò mí.

"Màmá," ló wí, "ẹ lè mí báyìí."