Atẹ́gùn Inú Bíréèkì

Agbẹ̀bí ni mí nígbà náà, ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Akaka. Aboyún tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ju agbára wa lọ, ọkọ̀ ara mi ni mo fi ń gbé e lọ sí ọsibítù ní Ṣàgámù, torí kò sí ọkọ̀ mìíràn tí a lè gbọ́kàn lé. Ọkọ̀ náà ti gbó, ṣùgbọ́n kò já mi kulẹ̀ rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo gbé obìnrin kan tó ti ń rọbí láti àná. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó tì í lẹ́yìn. Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ síbi afárá odò kan, mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi sì wọlẹ̀ bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Lọ́ọ̀lì kan dúró lórí afárá nísàlẹ̀, wọ́n ń pààrọ̀ táyà rẹ̀.

Mi ò lè sọ pé mo ronú. Mo já jíà wálẹ̀, mo fa bíréèkì ọwọ́, mo sì yà wọ oko ẹ̀gẹ́ tó wà lápá ọ̀tún. Igi ẹ̀gẹ́ ń ṣẹ́ lábẹ́ wa títí ọkọ̀ fi dúró.

Ìyá ọkọ náà bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ibí la ti máa gbẹ̀bí ọ̀hún ni?"

Mo yíjú sẹ́yìn, mo wo obìnrin náà. Àwọn onílọ́ọ̀lì sáré wá, wọ́n bá wa dá ọkọ̀ akérò kan dúró, òun ló gbé wa dé ọsibítù. Obìnrin náà bí ọkùnrin láyọ̀. Èmi ni mi ò rí oorun sùn fún ọjọ́ mẹ́ta.

Bàbá àgbàlagbà kan lẹ́bàá Sábó ní Ṣàgámù ni mẹkáníìkì mi. Wọ́n fi okùn fa ọkọ̀ lọ bá a. Mo gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, mo jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo ní mi ò kúrò níbẹ̀ títí yóò fi parí. Ó yọ táyà iwájú méjèèjì, ó tú kálípà, irin tó máa ń fún àwo bíréèkì mọ́ra kí táyà tó dúró. Ó fi igi pẹlẹbẹ há ẹnu rẹ̀, ó ní kí n wọnú ọkọ̀ kí n máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀, kí òróró bíréèkì lè ti písítìn, irin róbótó inú kálípà, jáde. Nígbà tó kù díẹ̀ kó bọ́, ó fọwọ́ fà á yọ, ó gbé e hàn mí. Ara rẹ̀ ti dípẹtà, rọ́bà tó yí i ká sì ti ya.

"Ibí ni òróró yín ń gbà lọ," ó ní.

Ó kó kálípà méjèèjì sínú abọ́ kan ṣoṣo, ó fọ̀ wọ́n, ó fi òróró bíréèkì pa rọ́bà tuntun, ó sì rọra ti písítìn padà. Nígbà tó dè wọ́n mọ́ ọkọ̀ tán, a bẹ̀rẹ̀ sí í lé atẹ́gùn tó ti wọ inú òróró jáde, torí òun ló ń mú bíréèkì rọ̀. Èmi ń tẹ̀, òun ń tú nọ́ọ̀tì kékeré ara kálípà tí atẹ́gùn ń gbà jáde, ó ń dì í. A ṣe é títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Bíréèkì náà ṣì rọ̀.

Bàbá na kọ́kọ́rọ́ sí mi. "Ó máa le bí ẹ bá ti ń wà á."

Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù ju oko ẹ̀gẹ́ lọ. Mi ò gba kọ́kọ́rọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú táyà, mo ń wo nọ́ọ̀tì náà. Ta ni mí tí n ó kọ́ àgbà níṣẹ́ rẹ̀?

"Bàbá, ẹ má bínú. Bí a bá fẹ́ lé atẹ́gùn kúrò nínú abẹ́rẹ́ kí a tó gún èèyàn, a máa ń kọ ẹnu rẹ̀ sókè, torí òkè ni atẹ́gùn ń sá lọ. Kí ló dé tí ẹnu èyí kọjú sílẹ̀?"

Ó kúnlẹ̀, ó wò ó, ó lọ wo ti òdìkejì. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Mo ti gbé kálípà tọ̀tún sósì," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ojú mi ni, nọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá ti gbé aboyún ni…" Kò parí rẹ̀. Ẹ̀rù tèmi di méjì.

"Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe," ni mo rí sọ.

A tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, bíréèkì le gbandi lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Bàbá fúnra rẹ̀ jókòó tì mí, a jọ lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ afárá yẹn. Mo tẹ̀ ẹ́ lókè, mo tẹ̀ ẹ́ láàárín, mo tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀. Ó dúró lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá kàn di ilẹ̀kùn mú.

Ẹ̀rù náà kò lọ. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí mo tún gbé aboyún mìíràn. Ọkọ rẹ̀ ń bẹ̀ mí lẹ́yìn pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré díẹ̀."

Mo ní mò ń sáré, bẹ́ẹ̀ sì ni kẹ̀kẹ́ ológeere kan ń kọjá lára wa.

Nígbà tí a dé ẹnu géètì ọsibítù, mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró. Wọ́n gbé obìnrin náà wọlé. Mi ò sọ̀kalẹ̀. Aṣọ́géètì wá kan wíńdò, ó ní kí n kúrò lójú ọ̀nà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi níṣẹ̀ẹ́jú kan. Ẹsẹ̀ mi ṣì wà lórí bíréèkì, kò gbà kí n gbé e.