Màmá Mi, Ẹni Tó Mú Kí Ọ̀tá Méjì Jẹ́wọ́

Yéè! Màmá mi ti lọ! Àṣàkẹ́, ọmọ Iléṣà, ìyá ìjọ, ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀ tí ń tọ́jú aláìsàn, ẹ ti fi wá sílẹ̀ ní Bronx ilẹ̀ òyìnbó yìí pẹ̀lú òtútù rẹ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni ẹ fi tọ́jú àwọn arúgbó tí ọmọ wọn kò ráyè tiwọn. Ẹ máa ń sọ pé, "Ẹni tó ń kú lọ kì í purọ́ fún ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́." Ẹni tí ẹ tọ́jú kẹ́yìn ni Bàbá Kósítà, ará Gíríìsì láti erékùṣù Kípírù, ní àdúgbò Soundview. Ìyá Èmínè, ará Tọ́kì láti erékùṣù yẹn kan náà, ń gbé òkè ilé náà. Abúlé kan ni àwọn méjèèjì ti wá. Ogójì ọdún ni wọ́n fi gun àtẹ̀gùn kan náà láìkí ara wọn.

Tí Bàbá bá sùn lọ́sàn-án, orúkọ kan ló máa ń ké pè: Hásánì. Ẹ bi Ìyá Èmínè léèrè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Àwọn ará Gíríìsì mú un lọ nígbà tí àwa àti àwọn ń bára wa jagun ní erékùṣù wa, a ò rí òkú rẹ̀." Ẹ padà wọlé, ẹ dárúkọ Hásánì fún Bàbá. Bí ó ṣe fẹ́ máa ṣàlàyé, ẹ ní, "Ẹ má jẹ́wọ́ fún mi. Èmi kọ́ ni ẹ ṣẹ̀." Ẹ lọ pe obìnrin náà wá.

Bàbá sọ ọ́ lójú rẹ̀: "Èmi ni mo mú àwọn tó gbé ìbọn wá sí ilé yín. Inú kànga gbígbẹ lẹ́yìn oko ólífì ni a jù ú sí."

Ìyá Èmínè bi í pé, "Ṣé ó ti kú kí ẹ tó jù ú síbẹ̀?"

Bàbá ní, "Rárá."

Màmá, ẹ sọ fún mi pé ẹ fẹ́ sá jáde. Ìyá Èmínè ló di ọwọ́ yín mú. Òun náà jẹ́wọ́: "Nígbà tí àwọn sójà tiwa dé, èmi ni mo tọ́ka sí àjà tí ìyá rẹ sá pamọ́ sí. Mo dúró, mo wo ohun tí wọ́n ṣe sí i."

Kò sẹ́ni tó sunkún. Kò sẹ́ni tó ní òun dárí ji ẹnì kejì. Ó pé ọjọ́ mẹ́ta kí Bàbá tó ní kí ẹ lọ pe Ìyá Èmínè padà, kí òun lè ya ibi tí kànga náà wà fún un sínú ìwé. Láti ọjọ́ yẹn ni obìnrin náà ti ń wá jókòó tì í, tó ń fi ṣíbí bu ọbẹ̀ sí i lẹ́nu.

Ibẹ̀ ni ọmọ Bàbá ti bá wọn. Ó lé Ìyá Èmínè jáde, ó sì ní ẹ jí òrùka ìyá òun. Iléeṣẹ́ tó gbà yín síṣẹ́ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Iṣẹ́ lọ, ìnṣọ́ránsì lọ, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tán nílé. Bàbá kú sọ́wọ́ àlejò. Inú àpò kóòtù Bàbá fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti wá rí òrùka náà. Kò sẹ́ni tó pè yín láti tọrọ àforíjì. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ẹ ṣubú nínú ilé ìdáná, ẹ kò dìde mọ́.

Ìyá Èmínè wà níjókòó láàárín wa lónìí. Wọ́n ti hú egungun ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n sì ti sin ín. Ọmọ Bàbá fi òdòdó ránṣẹ́ láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Mo gbé e síta. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀ wá, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe.

Èmi náà rèé. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá yín dúró, ẹ pè mí lórí fóònù, ẹ̀ ń sunkún. Èmi Tolúlọpẹ́, àkọ́bí yín, mo bi yín pé, "Màmi, ṣé ẹ mú òrùka náà ni?" Ẹ pa fóònù. Ẹ kò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ títí ẹ fi kú. Mo ṣẹ̀ yín, Màmi, mo sọ ọ́ níwájú gbogbo ìjọ. Mo mọ̀ pé ẹ kò lè dá mi lóhùn.

Ẹ máa lọ, abiyamọ. Ẹ sùn re o.