Bàbá Mi àti Olóṣèlú Faransé

Ní ìgbà tí owó epo ń ya wọ ìlú, tí àwọn aládùúgbò wa ní Òṣòdì ń ra tẹlifíṣọ̀n bí ẹni ń ra búrẹ́dì, ìwé ìròyìn nìkan ni bàbá mi ń rà. Àràárọ̀ ló ń yà sí ibùdókọ̀ Bọ́ládé kó tó lọ síbi iṣẹ́ tíṣà rẹ̀ ní Ìsọlọ̀. Ọkùnrin tó ń ta ìwé ìròyìn níbẹ̀ kò mọ̀wé kà, àwòrán ló fi ń mọ ohun tí bàbá mi ń wá. Bó bá ti rí i lókèèrè báyìí, yóò pariwo pé, "Bàbá, ará Faransé yín tún ti jáde o!"

Olóṣèlú àgbà kan ni ará Faransé náà. Ó ti ṣe mínísítà nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó díje fún ipò ààrẹ, ó fìdí rẹmi, ó tún díje, ó tún fìdí rẹmi. Síbẹ̀ àwọn oníròyìn kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Bó wúkọ́, wọ́n á kọ ọ́. Bàbá mi á gé àwòrán rẹ̀, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì.

Bàbá mi náà ti ṣòṣèlú rí. Ó ṣojú ìlú wa ní Èkìtì nínú ìgbìmọ̀, kí àwọn ṣọ́jà tó gbàjọba, tí wọ́n fòfin de òṣèlú.

"Ṣé ẹ rí i, wọn ò gbàgbé ọkùnrin yìí," ló máa ń sọ fún wa. "Bí wọ́n bá ti mú òfin yẹn kúrò, wọn ò ní í gbàgbé èmi náà."

Ohun kan ṣoṣo tó gbójú lé láyé nìyẹn. Mo kórìíra ará Faransé yẹn dé ọkàn.

Wọ́n mú òfin náà kúrò lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pe bàbá mi. Àwọn kọngílá olówó ni àwọn ẹgbẹ́ tuntun ń wá. Oníròyìn kan ṣoṣo ló wá sílé wa, tó ní òun ń kọ̀wé nípa àwọn olóṣèlú àtijọ́. Bàbá mi ti lọ ya fọ́tò nínú agbádá sílẹ̀ dè é. Ó sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Oníròyìn náà ní yóò jáde lọ́jọ́ Sunday.

Kí Sunday tó pé, gbogbo àdúgbò ti ń kí i kú oríire. Màmá mi se mọ́ínmọ́ín de àwọn tí yóò yà láti ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n ti kún pálọ̀ nígbà tí bàbá mi ti Bọ́ládé dé. Ó ṣí ìwé ìròyìn náà dé ẹ̀yìn, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo rí i. Ará Faransé náà ló gba odindi ojú ìwé kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò sí níbì kankan.

"Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Bàbá," ni ìyàwó onílé wa sọ. Wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín tán, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo bàbá mi. Láti ọjọ́ náà, kò yà sí Bọ́ládé mọ́.

Ó kú kí wọ́n tó dìbò. Àwa ọmọ gbé fọ́tò agbádá yẹn lọ sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan náà, fún ìkéde òkú. Láàárọ̀ ọjọ́ tó jáde, ọkùnrin tó ń ta ìwé ìròyìn ní Bọ́ládé sáré dé ẹnu ọ̀nà wa, ó na ìwé ìròyìn sókè, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Bàbá dà? Ẹ bá mi pè wọ́n! Àwọn gan-an ló jáde lónìí o!"

Màmá mi gbé àga fún un, ó ní kó kọ́kọ́ jókòó.