Ìwé Fọ́tò Imú

Èmi nìkan ni mò ń ya fọ́tò egungun ní ilé ìwòsàn Ìdáàṣà nígbà ìjọba ológun tí wọ́n ń pè ní Rẹfolúṣọ̀n. Ìyàwó mi wà ní Àjàṣẹ́, ó ní òun kò lè wá máa wo òkè Ìdáàṣà. Wọ́n ń kí mi ní kámáràádì láàárọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bá mi jókòó nírọ̀lẹ́. Ó dùn mí.

Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ imú fún ẹnikẹ́ni, èmi ni n ó ya fọ́tò, n ó kọ ohun tí mo rí, bọ́ọ̀sì á sì gbé e lọ fún dókítà ní Kùtọnu. Bó ṣe wu kálukú ló ń kọ ọ́. Tèmi, ọ̀rọ̀ Rẹfolúṣọ̀n á gba ìdajì ojú ìwé kí n tó dé orí imú, nítorí mi ò fẹ́ rí pípọ́n ojú ọ̀gá.

Bàbá àgbẹ̀ kan wá láti Kpingni. Ọyún ti kún inú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan, imú rẹ̀ ń rùn débi pé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kì í jókòó tì í mọ́. Lẹ́tà òjé tí a fi ń sàmì ọ̀tún àti òsì sára fọ́tò ti sọnù. Ojú fèrèsé ni mo ti máa ń ka fọ́tò, ṣùgbọ́n ooru lé mi jáde lọ́jọ́ náà, mo gbé e sókè sí oòrùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yìn fọ́tò ló kọjú sí mi, n kò fura. Mo kọ “ọ̀tún.”

Lẹ́yìn oṣù kan tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Kùtọnu, bàbá gbé iṣu wá dúpẹ́. Òórùn náà ṣì wà.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kan ibi tó ń dùn yín.”

Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì.

“Wọn ò bi yín ní Kùtọnu?”

“Dókítà ń sọ Faransé, èmi ń sọ tiwa. Wọ́n ní ó wà nínú ìwé.”

Mo jẹ́wọ́ fún un pé ẹ̀yìn fọ́tò ni mo kà, mo sì pe òsì ní ọ̀tún. Ojú tì mí gan-an. Níwájú rẹ̀ ni mo ti fa ìlà sórí ìwé tuntun: ìlà àkọ́kọ́, ibi tí aláìsàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ìkejì, ohun tí fọ́tò fi hàn lọ́tùn-ún, ìkẹta, tòsì, Rẹfolúṣọ̀n lọ sísàlẹ̀. Nígbà tó yá, bí gbogbo àwa tó ń ya fọ́tò lójú ọ̀nà Kùtọnu ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Mo kọ tirẹ̀ ṣáájú, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó padà lọ sí Kùtọnu.

Ó wo ìwé náà pẹ́, ó dá a padà fún mi.

“Ọmọ mi, dídá nìkan jókòó ti mọ́ mi lára,” ó ní. “Abẹ ni kò mọ́ mi lára.”