Pèrègún Lórí Ilẹ̀ Tó Ya

Eruku gbígbẹ ló ń jáde láti inú ilẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ fọráàjì rí, iṣẹ́ fífi ẹ̀rọ gbẹ́ kànga, kò lè mọ bí eruku ṣe ń ba èèyàn lẹ́rù. Ẹ̀rọ wa a máa lu àpáta, afẹ́fẹ́ a sì máa fẹ́ ohun tó bá lù jáde. Bí omi bá wà nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ ni yóò jáde. Bí kò bá sí, lẹ́búlẹ́bú bí èlùbọ́ ni. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, èlùbọ́ yẹn nìkan la rí. Nígbà tí irin tó kẹ́yìn nínú ọkọ̀ wa wọlẹ̀ tán, Ọ̀gá Hunsu gbé ọwọ́ sókè, ẹ̀rọ dákẹ́. Gbogbo abúlé náà ń wò wá.

Abúlé kékeré kan ni, lókè Adakplamè, níbi tí àwọn obìnrin ti ń jí lọ pọnmi kí àkùkọ tó kọ. Ọ̀gá Hunsu ni ọ̀mọ̀wé tó ń wá ibi tí omi wà lábẹ́ ilẹ̀. Ègùn ni, ará Àjàṣẹ́, kò gbọ́ èdè wa dáadáa. Èmi Àlàbí, ọmọ Kétu, ni mo ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un, èmi náà ni mo ń fi òòlù kan irin mọ́lẹ̀ nígbà tó bá ń wọn ilẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ojo ni mí láti kékeré, ìyàwó mi mọ̀, àwọn ọmọ mi náà mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí ẹ̀rù bà mí tó ọjọ́ náà.

Ayé Rẹfolúsíọ̀n la wà nígbà náà, nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba tí wọ́n ní àwọn yóò yí gbogbo nǹkan padà. Dẹlẹgé, aṣojú ìjọba ní agbègbè yẹn, jáde síwájú. Ọmọ Kétu lòun náà, olùkọ́ ni kó tó di dẹlẹgé. Kò pariwo rárá.

Ó ní, “Kámárádì Hunsu, epo tí ẹ sun yìí, epo ará ìlú ni. Wọ́n ní ẹnì kan ń ba iṣẹ́ ìjọba jẹ́. Bí ẹ ò bá rí omi ní ọ̀la, ọkọ̀ yóò gbé yín lọ sí Kútọnu, kí ẹ lọ ṣàlàyé fún àwọn tó jù mí lọ.”

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá mi nu eruku ojú rẹ̀. A mọ ẹnì kan, akẹgbẹ́ rẹ̀ ni, tí wọ́n gbé lọ ṣàlàyé báyìí. Àga rẹ̀ ṣófo ní bírò, níbi iṣẹ́ wa, títí dìgbà tí wọ́n fi gbé ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀.

Ohun tí kò yé mi ni pé ọ̀gá mi kì í ṣàdédé gbẹ́ ilẹ̀. Ó ti kọ́ mi lóhun tó wà lábẹ́ Kétu, ọjọ́ tó sì kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, mo di ìjókòó mi mú. Ó ní ilẹ̀ ayé kì í ṣe odidi, abala ńláńlá ni, bí igbá tó ti sán, àwọn abala náà sì ń rìn díẹ̀díẹ̀ bí èékánná ṣe ń hù. Láyé tí kò tíì sí èèyàn, abala méjì forí sọ ara wọn ní agbègbè wa. Ó tẹ́ ẹní méjì sílẹ̀, ó tì wọ́n pọ̀, ẹní náà ká jọ, ó wú sókè. Bẹ́ẹ̀ ni òkè ńlá ṣe yọ. Òjò àti afẹ́fẹ́ ti jẹ àwọn òkè náà tán, gbòǹgbò wọn nìkan ló kù, òun ni àpáta líle tó wà lábẹ́ oko àwọn ará òkè Kétu. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ilẹ̀ tún fà ya. Ilẹ̀ Bùràsíl tó so mọ́ tiwa tẹ́lẹ̀ bá tirẹ̀ lọ, òkun gba àárín wọlé, iyanrìn àti amọ̀ sì kún ìhà gúúsù. Kétu wá jókòó sétí ibi tí àpáta ti parí. Ìkọlù àti ìyapa wọ̀nyẹn ló la àpáta náà ní ibì kan sí ibì kan. Inú ojú ibi tó là yẹn nìkan ni omi ń sá pamọ́ sí. Ẹni tó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, eruku ni yóò mu.

Nígbà tí a kọ́kọ́ dé abúlé náà, ọ̀gá ní kí n sọ gbogbo èyí fún wọn, kí wọ́n lè mọ ohun tí a ń wá. Mo sọ ọ́, mo sì fi iyọ̀ sí i. Mo ní ilẹ̀ méjì ló jà níbí, ìjà náà le débi pé ilẹ̀ ya, ibi tó ya gan-an la fẹ́ fi irin gún. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn èèyàn kàn ń wo ẹsẹ̀ wọn. Ọ̀gá wọn ilẹ̀, ó rí ibi tó là, mo kan èèkàn irin tí a kùn ní pupa mọ́ ọn láàárín àgbàdo, a sì lọ dúró de ẹ̀rọ tó wà ní ọ̀nà Odòmẹ́ta. Ìgbà tí a padà dé, wọ́n ti kórè, wọ́n ti sán gbogbo pòròpórò. Oko tó ṣófo jọra wọn. A rí èèkàn pupa, a gbà á gbọ́, a gbẹ́ ibẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ eruku náà, mo ń rìn kiri nínú oko nítorí pé ara mi kò balẹ̀. Ni mo bá rí pèrègún kan ṣoṣo láàárín oko, ewé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ọmọ Kétu wo ni kò mọ pèrègún? Òun la fi ń pa ààlà. Ṣùgbọ́n etí oko ni ààlà ń wà, kì í dá dúró láàárín ilẹ̀ ẹnì kan. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ọ̀dà pupa wà lára iyẹ̀pẹ̀ tó wà nídìí rẹ̀.

Ìyá Àdúfẹ́ ló ni oko náà, opó àgbàlagbà ni, ilé ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn oko gan-an. Mo bá a lẹ́nu iṣẹ́, ó ń yin àgbàdo. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbin pèrègún sáàárín oko yín?”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àgbàdo.

“Ọmọ mi, ṣebí ìwọ lo sọ pé ilẹ̀ méjì ń jà níbẹ̀?”

“Èmi ni, ìyá.”

“Ẹni méjì tó bá ń jà lórí ilẹ̀, ṣé irin la fi ń gún àárín wọn? Ààlà là ń fi sí i, kí oníkálukú mọ tirẹ̀. Ọmọ mi àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń sùn lẹ́yìn ibẹ̀. Mo yọ irin yín, mo fi pèrègún dí ojú ihò náà, mo sì gbé irin lọ síbi tí kò sẹ́ni tó ń gbé.” Ó wá wò mí. “Ṣé ohun tí mo ṣe ló gbé ọ̀gá yín dé inú ìyọnu?”

Mo dìde, mo gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara mi dànù. Nígbà yẹn, a ń gbọ́ bí ìjọba ṣe ń kó àwọn ìyá arúgbó pé àjẹ́ ni wọ́n. Ìyá tó gbé èèkàn ìjọba, tó fi ewé dí ibẹ̀, tí omi sì sọnù! Ta ni yóò gbà pé ààlà lásán ni? Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á mú un. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á gbé ọ̀gá mi.

Mo sọ fún ọ̀gá nínú ọkọ̀, lẹ́yìn tí mo ti pa fèrèsé dé. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kú.

Ó ní, “Má ṣe dárúkọ ìyá yẹn fún ẹnikẹ́ni.”

Ní òwúrọ̀, ó sọ fún dẹlẹgé pé òun tún ilẹ̀ wò, pé ibòmíràn lòun fẹ́ gbẹ́, pé bí eruku bá tún jáde, òun fúnra òun yóò wọ ọkọ̀ Kútọnu. Dẹlẹgé mi orí pé òun gbà. Ẹ̀rọ sún lọ síbi pèrègún. Ẹni tó ń wa ẹ̀rọ, ọmọ Fọ̀n, na ọwọ́ láti fà á tu, gbogbo èrò sì fà sẹ́yìn. A kì í hú ààlà, àfi ẹni tó gbìn ín. Kò sẹ́ni tó wo apá ibi tí Ìyá Àdúfẹ́ wà. Dẹlẹgé ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá fúnra rẹ̀ ló jáde. Ó bẹ̀rẹ̀, ó hú pèrègún náà tìdítìdí, ó gbé e mọ́ àyà, ó padà sáàárín àwọn obìnrin. Dẹlẹgé tẹjú mọ́ ọn títí ó fi jókòó.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í lu. Iyẹ̀pẹ̀ pupa jáde, lẹ́yìn náà eruku funfun, eruku, eruku. Mo ń ka àdúrà tí mo mọ àti èyí tí mi ò mọ̀. Mo rí ọ̀gá mi tó tú aago ọwọ́ rẹ̀, tó fi sínú àpò mi. “Fún ìyàwó mi,” ló wí. Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú mi. Lójijì irin náà já wọlẹ̀ bí ẹsẹ̀ tó já sínú ihò, ìró rẹ̀ yí padà, ẹrẹ̀ sì tú jáde, ó bo gbogbo wa, lẹ́yìn rẹ̀ ni omi tẹ̀ lé e, omi púpọ̀. Àwọn obìnrin gbé korobá wá kí ọ̀gá tó ní ó mọ́.

Dẹlẹgé pè mí sẹ́yìn ọkọ̀.

“Àlàbí, pèrègún yẹn, kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n gbìn ín.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, kámárádì.”

“Ọ̀dà pupa wà lára gbòǹgbò rẹ̀.”

Mo fi ọwọ́ kan aago ọ̀gá mi nínú àpò. Dẹlẹgé bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbọn ẹrẹ̀ ara rẹ̀ dànù, ó ń wo ibi tí Ìyá Àdúfẹ́ ti ń gbé omi rù.

Ó ní, “Ìyá tèmi náà ì bá gbìn ín.”

Ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó jáde sáàárín èrò, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì ké igbe Rẹfolúsíọ̀n tí gbogbo wa mọ̀ nígbà náà, èdè Fọ̀n tó túmọ̀ sí pé ayé ti yí padà: “Ehuzu!” Gbogbo èrò dáhùn pé, “Dandan!” Ohùn tèmi ló ròkè jù.