Imú Tí Gbogbo Ilé-Iṣẹ́ Gbójú Lé

Ìyá Onímú ni wọ́n ń pè é níbi tí wọ́n ti ń tú bátìrì lítíọ́mù àlòkù, àwọn tó ti inú fóònù àti kọ̀ǹpútà jáde. Èyí tó ṣì lágbára, wọ́n á tò ó fún iná sólà. Èyí tó ti kú, irin inú rẹ̀ á di bátìrì tuntun. Ṣùgbọ́n kí ọ̀bẹ tó kan èyíkéyìí, Ìyá Onímú gbọ́dọ̀ gbé e símú. Èyí tó bá ń jò máa ń ta sánsán bí ọ̀dà èékánná, inú dúrọ́ọ̀mù iyanrìn nirú ẹ̀ ń lọ, torí tí ọ̀bẹ bá kàn án, iná ni. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni kó wá gbé imú tiẹ̀ wá.

Ọ̀fìnkìn kan ló wọ yàrá tí òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin jọ ń gbé. Ara yá, imú ò padà. Ó ṣí kẹrosín, ó fimú sí i, àfi bí omi. Ta ni yóò sọ fún? Iṣẹ́ yìí làwọn méjèèjì fi ń jẹun, àbúrò rẹ̀ yìí kò sì lè pa nǹkan kan mọ́ sínú.

Ló bá ń dọ́gbọ́n. Bátìrì tó wú, "Ó ń rùn!" Èyí tí kò wú, "Ó ń rùn!" Dúrọ́ọ̀mù kún, ọ̀gá yọjú.

"Ìyá Onímú, ojúlówó lẹ̀ ń dà nù o! Tó bá tún rí báyìí lónìí, màá wá ẹlòmíì."

Ó gbé èyí tó kàn símú. Kò gbóòórùn kankan. Ọ̀gá ṣì ń wò ó.

"Ó dáa," ló wí, ó sì nà án sí àbúrò rẹ̀ tó ń fi ọ̀bẹ là wọ́n. Ọ̀gá kọjá lọ. Àbúrò gbé ọ̀bẹ. Ìyá Onímú di ọwọ́ ọmọ ìyá rẹ̀ mú.

"Dákun, ìwọ gbóòórùn ẹ̀ ná. Imú mi ti kú látìgbà ọ̀fìnkìn yẹn."

Àbúrò rẹ̀ gbé bátìrì náà símú. Ó fa èémí, ó tún fà á. Omijé lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà ò gbóòórùn mọ́. Imú yín ni mo gbójú lé."