Ìwọ̀n Ẹsẹ̀ Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ó lé lọ́dún kan tí èmi àti màmá mi fi ń múra àtilọ sí erékùṣù kékeré tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nílé ọkọ. Fẹ́rì ló ń gbé èèyàn débẹ̀ láti Àpápá, kò sì ju wákàtí kan lọ, àmọ́ nǹkan kan á ṣáà máa ṣẹlẹ̀. Nígbà Kérésì, orúnkún màmá wú. Nígbà Àjíǹde, fẹ́rì bàjẹ́. Ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi ti ń rìn nígbà yẹn, màmá ò sì tíì fojú kàn án rí.

Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀wé. Kíláàsì kẹrin lèmi náà ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, nítorí náà a kì í kọ lẹ́tà síra wa. Ìyá ẹlẹ́ja kan tó ń kó ẹja gbígbẹ wá láti erékùṣù náà sí Marine Beach lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́ ló ń bá wa jíṣẹ́. Bí a bá fẹ́ ra bàtà Kérésì fún ọmọ náà, ẹ̀gbọ́n mi á fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ láti gìgísẹ̀ dé orí àtàǹpàkò, wọ́n á ṣẹ́ ẹ níbẹ̀, wọ́n á fi bébà wé e, wọ́n á fi rán ìyá ẹlẹ́ja náà sí wa. Òun la máa mú lọ bá àwọn oníbàtà òkìríkà ní ọjà. Báyẹn ni gbogbo àdúgbò wa l'Ájégúnlẹ̀ ṣe ń ra bàtà ọmọ tí kò sí nítòsí.

Nígbà tí Kérésì kejì ń bọ̀, màmá ní bí orúnkún wú, bí kò wú, a máa lọ. Wọ́n ra bisikíìtì, wọ́n rán ṣòkòtò kékeré onírọ́bà kan. Ẹyọ ìgbálẹ̀ tuntun dé. Ti ọdún tó kọjá ṣì wà nínú Bíbélì màmá tí mo fi í pamọ́ sí. Mo kó méjèèjì pọ̀ lórí tábìlì. Ọ̀kan ò fi ohunkóhun gùn ju èkejì lọ.

Mo mú tuntun lọ bá ọmọ àwọn ará yàrá kejì, ẹgbẹ́ ọmọ wa ni. Mo ní kó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ìka ọwọ́ mi kan gbáko gùn jù ú lọ.

Màmá ní, "Ìwọ náà pẹ́ kó o tó ga. Ra èyí tó tóbi díẹ̀, á dàgbà bá a."

Mi ò ra bàtà. Marine Beach ni mo gbà lọ. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n títí ìyá ẹlẹ́ja fi dá oníbàárà mẹ́ta lóhùn.

Wọ́n ní, "Ìwọ ni. Ọmọ tó ń kí èèyàn bí ẹni ń gbé omi mì. Kí lo fẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó ti ń sáré?"

"Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi mà."

Wọ́n tú ẹja tí wọ́n ti tò tẹ́lẹ̀, wọ́n tún un tò. Wọ́n ní, "Àwọn ará ilé ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ìròyìn náà sọdá omi. A kì í túfọ̀ ọmọdé fún ìyá ìyá ẹ̀. Ibà ló mú ọmọ náà lọ. Òjò tó lọ yìí ni."

"Ẹyọ ìgbálẹ̀ ńkọ́ mà?"

"Ojú mi lẹ̀gbọ́n ẹ ṣe wọ̀n ọ́n. Ó tẹ́ ẹní, ó kúnlẹ̀, ó ní, 'Dúró jẹ́ẹ́, má ká ìka ẹsẹ̀ kò.' Ó fi ìgbálẹ̀ lélẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ. Kò sí nǹkan kan lórí ẹní yẹn."

"Ẹ wá gbà á?"

"Ó nà án sí mi. Ṣé kí n ní mi ò gbà ni?"

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ilé. Ohun tí mo ń rò ò ju ọ̀kan lọ: kí ẹ̀gbọ́n mi kúrò níbẹ̀, kí wọ́n wà lọ́wọ́ màmá, kí erékùṣù yẹn tó gba ẹ̀mí tiwọn náà. Bí mo bá sọ ọ́ fún màmá, wọ́n lè má dìde mọ́. Mo ní kí màmá jẹ́ kí èmi nìkan lọ mú ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọ wá, kí orúnkún wọn sinmi. Inú wọn dùn.

Mi ò ránṣẹ́ pé mò ń bọ̀, síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti ń dúró ní èbúté erékùṣù náà. Wọ́n ti rù. Àwọn obìnrin tó ń kọjá ń yà fún wọn, wọ́n ń fi àyè ẹni méjì sílẹ̀. Ọwọ́ òsì ẹ̀gbọ́n mi rọ̀ sísàlẹ̀, ìka wọn ká bí ẹni di ọwọ́ ọmọ mú.

"Kí àǹtí ẹ," wọ́n sọ ọ́ sísàlẹ̀.

Mi ò wo ilẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, màmá ní kí ẹ máa bọ̀ nílé."

"Ta ló máa dúró tì í? Ẹ̀rù máa ń bà á tó bá ku òun nìkan."

Fẹ́rì fọn fèrè. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ òtítọ́ lórí ilẹ̀ yẹn, fẹ́rì máa lọ, ẹ̀gbọ́n mi ò sì ní kúrò lójú kan.

"Ẹ mú un dání," mo ní. "Màmá fẹ́ rí i."

Wọ́n tẹ̀ lé mi. Nínú fẹ́rì, wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n fi àyè kékeré sílẹ̀ láàárín àwa méjèèjì. Ọkùnrin kan tó gbé àpò gààrí wọlé ní kí n sún díẹ̀.

Mo ní, "Ẹ má bínú sà, ẹnì kan wà níbẹ̀."